Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Dán Ẹ̀rọ Olómi Tó Ń Fún Ẹja Lóúnjẹ Wò Létí Adágún

Ẹ̀rọ tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí kò lo bátìrì, kò lo iná mànàmáná, kò sì mu epo. Omi tó ń kán sínú garawa ni agbára rẹ̀. Nígbà tí garawa náà bá kún dé ìlà tí a fàmì sí, yóò wúwo ju irin tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn lọ, yóò dojú dé, okùn tó wà lára rẹ̀ yóò fa ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ kéègì oúnjẹ, oúnjẹ yóò ya sínú adágún, garawa tó ti ṣófo yóò sì padà sí ààyè rẹ̀ kí omi tún lè máa kán sínú rẹ̀. Kíkàn rẹ̀ kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó bá mọ ayùn lò yóò parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó le ni pé kí a gbé e lọ sétí adágún olóko, kí a fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye oúnjẹ tí a ní kí ẹja jẹ ni wọ́n jẹ.

Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nítorí pé ẹja wà nítòsí yín. Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́ja kó adágún wọn jọ sójú kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn tó sì ní adágún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìnkùlé kò lóǹkà láti Odògbólú títí dé Ṣágámù. Ẹja àrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sìn, oúnjẹ ẹja ló sì ń gba èyí tó ju ìlàjì lọ nínú owó tí wọ́n ń ná. Ẹ̀rọ tó bá ń da oúnjẹ nù, owó olóko ló ń dà nù. Èyí tí kò bá dà tó, ẹja olóko ni kò ní dàgbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ìdánwò ni kí a kó ara wa jọ sétí omi kí a máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí garawa bá dojú dé. Ẹ wọn ohun tó bọ́ sínú omi, kí ẹ sì wọn ohun tí ẹja fi sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fún ẹja lóúnjẹ

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí adágún tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì wá ẹni tó ń fún ẹja lóúnjẹ lójoojúmọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni adágún ń gbé ìlú mìíràn, tó jẹ́ pé ìyá àgbàlagbà kan tàbí ọ̀dọ́kùnrin kan ni ẹja mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn ni ọ̀gá yín. Ẹ kí i bó ti yẹ, ẹ jẹ́ kó fún ẹja lóúnjẹ lójú yín fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa wo bó ṣe ń fọ́n ọn, ibi tó ń dúró sí, ìgbà tó dáwọ́ dúró, àti ohun tó rí tó fi dáwọ́ dúró. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ yín kò ní lè ṣe, nítorí pé ẹ̀rọ kò lójú. Bí ẹja kò bá dá sí oúnjẹ nítorí òjò tó rọ̀ mọ́jú, ìyá yẹn yóò gbé abọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ yóò máa dà á lọ ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti pinnu ẹni tí yóò máa ti tápù pa àti ìgbà tí yóò tì í.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni adágún, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan péré. Kí ó sọ iye ẹja tó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò ra oúnjẹ, ẹni tí yóò san owó ẹja tó bá kú, àti pé olóko lè ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò nígbàkígbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ yín náà fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kàn. Ẹ fi àwọ̀n kó ẹja 30 láìṣà wọ́n, ẹ wọ̀n wọ́n papọ̀ nínú bàsíà olómi tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pín in láti mọ ìwọ̀n ẹyọ kan. Ká ní ẹja 500 ló wà nínú adágún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó gíráàmù 200, gbogbo wọn jẹ́ kílò 100. Àrọ̀ tó tóbi báyìí lè jẹ oúnjẹ tó tó ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, èyí tó jẹ́ kílò 3. Bí ẹ̀rọ bá ń da gíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 6 ni yóò dà á láàárín ọjọ́. Mo fẹ́ràn kí ó jẹ́ aago 7, 9, 11, 1, 3 àti 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó da oúnjẹ lóru. Lóòótọ́ ni àrọ̀ máa ń jẹun nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi máa ń dín kù gan-an kí ilẹ̀ tó mọ́, oúnjẹ tó bá sì ṣẹ́kù ní àkókò náà yóò jẹrà, yóò sì tún gba nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù.

Ẹ dán an wò lórí tapólì

Kéègì lítà 25 tí a gé ìdí rẹ̀ tí a sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ tó láti fi ṣe ilé oúnjẹ. Ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí ọrùn kéègì, a sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí garawa ṣe pẹ́ sí ní dídojúdé ni oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn a rí gíráàmù 300, nígbà mìíràn a rí 900. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé a fi ègé páìpù oníke tó fẹ̀ ní ínṣì 4 há àárín ilẹ̀kùn méjì. Nígbà tí ilẹ̀kùn òkè bá ṣí, ti ìsàlẹ̀ á wà ní títì, oúnjẹ á kún inú páìpù náà. Nígbà tí garawa bá fa okùn, ti òkè á pa dé, ti ìsàlẹ̀ á sì ṣí. Bí garawa ṣe pẹ́ tó kò tún ní nǹkan án ṣe mọ́, torí pé ohun tí páìpù gbà náà ni yóò dà. Páìpù tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 16 ń gba bíi lítà 1.3, èyí tó sún mọ́ gíráàmù 500 oúnjẹ tó ń léfòó. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, kí ẹ sì tún un wọ̀n nígbàkígbà tí ẹ bá já àpò tuntun tàbí tí ẹ bá kúrò ní wóró oúnjẹ tó tó mìlímítà 4 bọ́ sí 6, nítorí pé ìwọ̀n oúnjẹ tí páìpù kan náà ń gbà kì í dọ́gba.

Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ lé orí rẹ̀, kí ẹ fi jọ́ọ̀gì bu omi sínú garawa títí yóò fi dojú dé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbá oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀ jọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà láàárín gíráàmù 475 sí 525, inú mi á dùn sí i. Bí ìgbà kan bá jẹ́ 200 láàárín àwọn tó dára, ẹ má pa á rẹ́ nínú ìwé. Ẹ wo ọrùn kéègì, ẹ ó rí i pé oúnjẹ ti fún ara wọn mọ́ra níbẹ̀ tí ihò sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Ẹ gé ọrùn náà kó fẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ gbé garawa sí ibi tí yóò ti máa kan igi tó gbé kéègì ró bó bá ti ń padà sí ààyè rẹ̀, kí gbígbọ̀n yẹn lè mi oúnjẹ sọ̀kalẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú oúnjẹ pẹ̀lú máa ń há sí ojú ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbá a kúrò.

Kí omi má yí ohùn padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Bí garawa bá gba lítà 6 kó tó dojú dé, tí a sì fẹ́ kí ó máa dojú dé ní wákàtí méjì-méjì, omi tó ń kán sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlílítà 50 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kò nílò ohun èlò olówó ńlá láti mọ̀ ọ́n. Ike omi mímu 50cl, tó jẹ́ mìlílítà 500, ni kí ẹ gbé sábẹ́ tápù: bó bá kún ní ìṣẹ́jú 10 gééré, omi yín pé. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú 8, ẹ fún tápù díẹ̀. Bó bá tó 12, ẹ tú u díẹ̀. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ṣe é.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tiwa lọ sétí adágún, dírọ́ọ̀mù lítà 200 ni a so tápù mọ́ nísàlẹ̀, a pọn omi kún un, a sì rò pé ọ̀ràn parí. Ọjọ́ kìíní, garawa dojú dé ní wákàtí méjì-méjì bí aago. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, ẹja ò jẹ ju ìlàjì oúnjẹ wọn lọ, àwa sì ń wá ẹ̀bi sí ara ilẹ̀kùn. Dírọ́ọ̀mù gan-an ló fa á. Omi tó ga lókè tápù ló ń ti omi jáde. Bí gíga rẹ̀ bá ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ohun tó ń jáde á dín kù sí ìlàjì. Omi wa ti lọ láti sẹ̀ńtímítà 80 sí 20. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí tápù má ṣe mu omi tààrà láti inú dírọ́ọ̀mù. Ẹ fi abọ́ oníke kékeré kan sáàárín, kí omi inú abọ́ náà máa wà ní gíga kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà. Bí adágún bá ń gba omi odò láti inú páìpù, tí omi náà sì ń ṣàn lójoojúmọ́, ẹ ya díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí èyí tó bá pọ̀ jù máa ṣàn padà sínú adágún. Abọ́ tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ omi kànga ẹ̀rọ ni olóko ń lò, tó jẹ́ pé epo ló fi ń fà á, kò yẹ kí a máa dà á nù: ẹ fi fáàfù bọ́ọ̀lù tí àwọn púlọ́ńbà ń fi sínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹnu abọ́, kí ó máa gba omi láti inú dírọ́ọ̀mù bí ó bá ti ń dín kù. Lítà 36 ni ẹ̀rọ yóò lò láàárín aago 5 òwúrọ̀ tí ẹ ṣí tápù sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tí ẹ tì í pa.

Kí rọ́bà tó ń gbé omi jẹ́ dúdú, nítorí pé èéhù aláwọ̀ ewé a máa hù nínú rọ́bà tó mọ́ gaara bí oòrùn bá ń ràn sí i, á sì dí i. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kó tó wọ abọ́, kí ẹ sì máa fọ aṣọ náà lójoojúmọ́. Omi tó ní ìpẹtà máa ń fi nǹkan pupa sílẹ̀ lẹ́nu tápù.

Nígbà tí ẹ bá dé etí adágún

Ẹ má ṣe dá lọ. Kí ẹni méjì ó kéré tán wà níbẹ̀ pọ̀, kí wọ́n wọ bàtà òjò nítorí ejò, kí okùn gígùn tó ṣe é jù sínú omi sì wà ní tòsí, nítorí pé ẹsẹ̀ a máa yọ̀ lórí bèbè alámọ̀. Ẹ ri igi tó gbé ẹ̀rọ dúró mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì rántí pé kílò 6 omi ló ń dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tí kò wọlẹ̀ tó yóò máa dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí garawa yóò fi máa dojú dé kó tó kún.

Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ̀rọ wà. Síbẹ̀, atẹ́gùn ṣì lè gbá oúnjẹ lọ sínú koríko etí omi níbi tí ẹja kò ti ní rí i. Ẹ tẹ páìpù oníke, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di òrùka tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, kí ẹ jẹ́ kó léfòó lábẹ́ kéègì, kí ẹ sì fi okùn dè é mọ́ òpó. Inú òrùka yẹn ni oúnjẹ yóò wà.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ láti ìgbà tí tápù bá ti ṣí títí di ìgbà tí ẹ bá tì í. Kí ó kọ aago tí garawa dojú dé, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹja fi jẹ oúnjẹ tán, àti bí omi ṣe rí. Bí oúnjẹ bá ṣì wà nínú òrùka lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ó fi asẹ́ kó o, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Mo jókòó ti tiwa ní ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú ìyá tó ń tọ́jú adágún náà. Kí garawa tó dojú dé, ó kọ́kọ́ ń kan òpó nígbà tí ó bá ń wúwo bọ̀: kọ́, kọ́. Ìyá na ọwọ́ sí òrùka. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò wọ́n. Wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀.” Àrọ̀ bí ogún ti yọ irùngbọ̀n sókè nínú òrùka, oúnjẹ kò tíì bọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ìlà kan kún ìwé wa: ṣé ẹja ti dé kí oúnjẹ tó dé? Ọjọ́ tí wọn kò bá dé, tápù ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ohun tó fà á.

Àrọ̀ a máa yọrí gba afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè, èyí kì í ṣe àìsàn. Èyí tó yọrí tó sì padà sísàlẹ̀ kò ní ìṣòro. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ló na ara dúró ṣánṣán sójú omi tí wọn kò padà lọ, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ pe olóko, kí wọ́n sì ṣí omi tútù sínú adágún.

Òjò, èèrà àti eku

Bí ẹ bá dán ẹ̀rọ wò láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì nìkan, ẹ kò tíì dán an wò fún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Oṣù kẹfà àti oṣù keje ni òjò wa máa ń pọ̀, ó sì tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Garawa tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 30 yóò gba bíi lítà 3.5 nínú òjò tó ga tó mìlímítà 50, èyí tó ju ìlàjì ohun tó ń mú un dojú dé lọ. Oúnjẹ yóò sì bọ́ ní àkókò tí ẹja kò fẹ́ jẹun. Ẹ ṣe òrùlé kékeré lé garawa àti kéègì lórí, kí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fi jọ́ọ̀gì da omi sí i láti òkè kí ẹ rí i bóyá ó ń jò.

Oúnjẹ tó bá lọ́rinrin á hu èébu, oúnjẹ èébu sì ń pa ẹja. Ẹ má ṣe rọ ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ sínú kéègì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi gírísì pa ẹsẹ̀ òpó nítorí èèrà, kí ìdérí kéègì sì ní ìkọ́ nítorí eku.

Ẹ fi adágún kejì wé e

Láìsí adágún kejì, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló mú ẹja dàgbà tàbí ojú ọjọ́. Ẹ wá adágún méjì tó bá ara mu, omi kan náà, iye ẹja kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Kí ẹ̀rọ máa fún ti àkọ́kọ́, kí ìyá máa fi ọwọ́ fún ti kejì gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe, kí ẹ sì wọn oúnjẹ tí òun náà lò láìsọ fún un pé kó yí nǹkan padà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀, ẹ kó 30 nínú adágún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n wọ́n. Ká ní wọ́n ti tó gíráàmù 260, gbogbo wọn ti di kílò 130, oúnjẹ wọn yóò sì lọ sókè dé bíi kílò 4. Dípò kí ẹ pààrọ̀ páìpù, ẹ jẹ́ kí garawa máa dojú dé ní ìgbà 8, ní ìṣẹ́jú 90 sí ara wọn. Ike 50cl yín yóò wá máa kún ní ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ó ti lo kílò 42 fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àti kílò 56 fún méjì tó kẹ́yìn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98. Bí ẹja bá sì ti fi kílò 70 wúwo sí i, ẹ pín 98 sí ọ̀nà 70, ẹ ó rí 1.4: kílò oúnjẹ kan àti díẹ̀ ló di kílò ẹja kan. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún adágún tí wọ́n fi ọwọ́ bọ́. Ẹja tó kú ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ẹ fi asẹ́ kó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀.

Bí ti ẹ̀rọ bá jẹ́ 1.6 tí ti ìyá jẹ́ 1.3, tó túmọ̀ sí pé ti ìyá ló dára jù, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi èyí já yín lulẹ̀, olóko ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kó má baà ná owó sí ohun tí kò tíì gbó.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kúrò, ẹ tú u palẹ̀ létí omi níbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí okùn ti ń jẹrà, ibi tí ilẹ̀kùn ti jẹ tán, àti ìpẹtà tó wà lára irin ẹ̀yìn garawa. Ẹ ya wọ́n ní fọ́tò kí ẹ tó nù wọ́n. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ yín méjì, kí ẹ fún olóko ní ọ̀kan. Èkejì, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìyá tó ń tọ́jú ẹja, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí òun yóò yí padà lára ẹ̀rọ náà ká ní òun ló ni ín. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ tó kàn.